Àbẹ̀kẹ́ àti ọgbà lápálápá

Ọ̀rọ̀ tí ọmọ mi sọ sí màmá mi nínú ìsinmi Àjíǹde ló jẹ́ kí n kọ èyí. Màmá na ọ̀pá lápálápá kan sí i, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, gbà, fi í sínú ihò yẹn." Ọmọ fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé òun ò fẹ́ sọ Yorùbá, kí wọ́n yéé fi bá òun sọ̀rọ̀. Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ojú. Wọ́n fa ọwọ́ wọn padà. Ó dùn mí wọ eegun.

Ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ la wà. Ewúrẹ́ àdúgbò ti jẹ ewédú Màmá tán, owó búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì ò sì ṣe é gbọ́ sétí, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi igi lápálápá ṣọgbà. Bùrọ̀dá mi ti gé lápálápá sílẹ̀ kí a tó dé, ó tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò kí ojú ibi tó gé lè gbẹ, kí wọ́n má baà jẹrà nínú ilẹ̀ tútù. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Àǹtí mi ta okùn, àwọn ọmọ àbúrò mi ń gbẹ́lẹ̀, a ń ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ ní tímọ́tímọ́. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Oje rẹ̀ ta sí bùbá funfun bùrọ̀dá mi, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ọṣẹ tó ń bọ́ ọ. Àǹtí ní, "Ìwọ tó wọ funfun wá gbin lápálápá, ṣé ìdána lò ń lọ ni?" A rẹ́rìn-ín títí.

Ní Leeds tí mò ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú òtútù ni wọ́n ń gbin ọgbà, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí igi ò ní ewé lórí. Òfin wọn ti ọdún 2003 fàyè gba aládùúgbò láti fẹjọ́ sun káńsù bí ọgbà tí kì í wọ́wé bá ga ju mítà 2 lọ, tó sì ń dí i lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀. Ètò náà dára. Àmọ́ aládùúgbò mi nìkan ló dá gbin tirẹ̀. Mo ní kí n wá bá a di okùn mú, ó dúpẹ́, ó ní òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ní igun ẹ̀yìn, pèrègún tí Bàbá gbìn ṣì wà níbẹ̀. Òun ni ààlà àwa àti ìdílé kejì. Ìwé ìrìnnà mi wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ nígbà tí Bàbá kú, orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì já kí wọ́n tó gbé wọn wọlẹ̀. Bàbá kò kọ ààlà yẹn sínú ìwé kankan. Wọ́n mú wa rìn ín ni, láti ìdí pèrègún dé ibi òkúta, wọ́n ń fi ẹnu sọ ọ́. Bí ìjà ilẹ̀ bá dé lọ́la, Yorùbá ni àwọn àgbà yóò fi jẹ́rìí. Kí ni Àbẹ̀kẹ́ yóò gbọ́?

Lọ́jọ́ yẹn náà, àwọn ọmọ àbúrò mi já ewé lápálápá, wọ́n ń fẹ́ oje rẹ̀ di ìfóòfó. Àbẹ̀kẹ́ bá wọn fẹ́ ẹ, ó rẹ́rìn-ín, kò sọ̀rọ̀.

Màmá ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọdé ni. N kò ní fi í sílẹ̀. Bùrọ̀dá mi ti gbà láti máa pè é fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, kó máa fi ọ̀pá lápálápá tó ti rúwé hàn án, Yorùbá nìkan ni yóò sì máa sọ. Èyí tó bá kú, wọn yóò fi òmíràn dípò rẹ̀ nínú òjò oṣù kẹfà.