Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa gbígba ẹ̀tọ́ alábòójútó kúrò lórí fódà àjùmọ̀lò

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ sídìí iṣẹ́ àbójútó sáfà ímeèlì, àwọn fódà àjùmọ̀lò (public folder) inú Exchange 2007 àti Exchange 2010, ètò sáfà ímeèlì ti Microsoft, ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn dúró fún ti àkọ́kọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkejì ní oṣù kẹwàá ọdún 2020. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé sáfà kì í kú lọ́jọ́ tí àwọn tó ṣe é bá ní kó kú. Ẹ óò ṣì bá wọn pàdé, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ kó ẹrù inú wọn lọ sórí sáfà tuntun, ìgbà yẹn ni ẹ óò sì rí i pé àwọn tó ti fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́ ṣì ní ẹ̀tọ́ lórí fódà.

Irú ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí fódà kan náà. Ẹ̀tọ́ olùlò ni ti ẹni tó ń fi Outlook, ètò tí a fi ń ka ímeèlì, ka ohun tó wà nínú fódà, tó ń kọ nǹkan sí i tàbí tó ń pa nǹkan rẹ́ níbẹ̀. Àwọn ìpele rẹ̀ ni Reviewer, Author, Editor, Owner àti àwọn yòókù. Ẹ̀tọ́ alábòójútó ló ń jẹ́ kí ènìyàn lè yí ìwọ̀n àyè tí fódà lè gbà padà, kó yan sáfà tí ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà, tàbí kó pín ẹ̀tọ́ fún ẹlòmíràn. Àṣẹ Remove-PublicFolderAdministrativePermission, tí a fi ń gba ẹ̀tọ́ alábòójútó, kì í fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ olùlò rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni RemoveUserFromPFRecursive.ps1, ìwé àṣẹ tó ń yọ ẹ̀tọ́ olùlò ẹnì kan kúrò lórí fódà àti àwọn ọmọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn láti lò, kì í fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ alábòójútó. Mo ti rí iṣẹ́ tí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ti parí, síbẹ̀ tí ẹni tí wọ́n ní àwọn ti yọ ṣì jẹ́ Owner, tó ṣì lè jókòó ti Outlook rẹ̀ kó máa fún ẹni tó bá wù ú láyè láti wọlé.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni mímọ ibi tí ẹ̀tọ́ ti wá. Nínú Exchange Management Shell, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún Exchange, ẹ kọ Get-PublicFolderAdministrativePermission pẹ̀lú orúkọ fódà àti orúkọ ẹni náà, kí ẹ sì fi Format-List sí i nídìí, nítorí tábìlì lásán máa ń gé ọ̀rọ̀ gígùn kù. Ẹ wo ìlà IsInherited. Bí ó bá jẹ́ False, orí fódà yìí gan-an ni wọ́n ti fún un, ibẹ̀ náà ni ẹ óò sì ti gbà á. Bí ó bá jẹ́ True, ẹ̀tọ́ àjogúnbá ni, kò sì sí bí ẹ ṣe fẹ́ gbà á lórí fódà ọmọ. Ẹ máa gun òkè lọ sọ́dọ̀ òbí títí ẹ óò fi rí False. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ̀tọ́ ModifyPublicFolderQuotas (ti yíyí ìwọ̀n àyè padà) tí ẹnì kan ní lórí \Finance\Payroll ti orí \Finance wá. Bí ẹ bá gbà á lórí \Finance, gbogbo ọmọ abẹ́ rẹ̀ ni yóò kàn, títí kan èyí tí ó yẹ kó ṣì máa bójú tó. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fún un ní tààrà lórí àwọn tó yẹ kó kù sọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ tó gba ti òkè. Ẹ fi -WhatIf, tó ń fi ohun tí àṣẹ yóò ṣe hàn láì ṣe é, dán àṣẹ Remove náà wò kí ẹ tó ṣe é lójú méjèèjì.

Àwọn kan máa ń gba ọ̀nà àbùjá: wọ́n á fi Deny dènà ẹni náà dípò kí wọ́n wá orísun ẹ̀tọ́ rẹ̀ rí. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ìdènà tí ẹ fi sórí ẹgbẹ́ yóò mú gbogbo ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ náà, ẹni tó bá sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín kò ní mọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ bíi Public Folder Management ni ẹ̀tọ́ náà ti dé ọwọ́ rẹ̀, inú ẹgbẹ́ yẹn ni kí ẹ ti yọ orúkọ rẹ̀.

Bí ẹ̀tọ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan, tí ẹ sì fẹ́ gbà wọ́n díẹ̀díẹ̀, ModifyPublicFolderAdminACL, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti yí ẹ̀tọ́ alábòójútó padà, ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà, nítorí ẹni tó bá ní i lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá gbogbo èyí tí ẹ ti gbà padà fún ara rẹ̀. Bí ẹ̀dà fódà bá wà lórí sáfà púpọ̀, ẹ fi -Server béèrè lọ́wọ́ sáfà kejì bóyá àyípadà náà ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí pé kì í débẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Àkáǹtì ni kí ẹ pa rẹ́ kẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti pa á rẹ́ kí ẹ tó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, orúkọ yóò pòórá, nọ́ńbà gígùn kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S-1-5-21 ni ẹ óò máa bá lórí fódà, yóò sì ṣòro láti mọ ẹni tí í ṣe tẹ́lẹ̀ àfi bí ẹnì kan bá ti kó àkọsílẹ̀ ẹ̀tọ́ pamọ́ sínú fáìlì CSV (tábìlì tí a fi kọ́mà pín) ṣáájú.