Ìdánwò bàálù: ẹ kọ ohun tó fa àṣìṣe, kì í ṣe orúkọ rẹ̀

Ilé-Ifẹ̀ kò ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ bàálù wíwà ní Zaria tàbí Ìlọrin, tí ẹ wálé wá sinmi lẹ́yìn ìdánwò tí kò lọ déédéé, ẹ̀yin la kọ èyí fún. "Ìbalẹ̀ mi kò dáa": irú gbólóhùn yìí kò wúlò nínú ìwé tí ẹ ń kọ àṣìṣe yín sí. Eré mélòó lẹ bá wọlé?

Ẹ jẹ́ ká mú Cessna 172S, bàálù kékeré tí wọ́n fi ń kọ́ni. Bí ẹ bá ti na flap (abala ẹ̀yìn apá bàálù tí a ń nà láti fi rọra balẹ̀) tán, 60 sí 70 knots (ìwọ̀n eré bàálù) ló yẹ kí ẹ máa bá bọ̀. Ẹni tó bá gbé 80 wọlé, bàálù á kàn máa léfòó lọ ni, kò ní fẹ́ balẹ̀. Ojú á kán an, á ti imú rẹ̀ mọ́lẹ̀, táyà iwájú á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, bàálù á bẹ̀rẹ̀ sí í ta bí ọ̀pọ̀lọ́. Kí ẹ padà sókè ló kù: throttle (ohun tí a fi ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára) dé òpin, flap sí 20, kó máa gòkè dáadáa kí ẹ tó ká ìyókù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá ká gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bàálù á rì. Nítorí náà, 80 yẹn ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Títa yẹn, ọmọ rẹ̀ ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni yíyí tí apá bàálù fi tẹ̀ ní ìwọ̀n digírì 45. Bí imú bá ń já, tí apá sì ti tẹ̀ kọjá 45, fífa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn nìkan á mú kó máa yí wálẹ̀ kíkankíkan ni. Ẹ dín títẹ̀ kù ná, kí ẹ tó fà. Lásìkò ọyẹ́, tí ojú kò rí ibi tí sánmọ̀ ti pàdé ilẹ̀, ẹ máa wo àwọn aago ìwọ̀n bàálù tó wà níwájú yín léraléra.

Èyí tó ta kókó jù lójú tiwa ni ìgbà tí olùdánwò bá fa throttle sẹ́yìn, tó ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Rádíò lọwọ́ ọ̀pọ̀ ń sáré lọ. Rádíò kì í gbé bàálù ró! 68 knots ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà trim (ohun tí a fi ń mú kí bàálù dúró lórí eré yẹn), ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí àti ibi tí ẹ máa balẹ̀ sí. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ ó wo epo, pọ́ǹpù, mixture (ìdàpọ̀ epo àti afẹ́fẹ́) àti magneto (tó ń tanná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì), kí ẹ tó pe Mayday, ìpè pàjáwìrì. Ẹ jókòó sórí àga nílé, kí ẹ máa fọwọ́ tọ́ka sí wọn lára àwòrán, kí ẹ máa pè é síta.

Ní ti ibi ìbalẹ̀, bí ẹ bá ń rin ọ̀nà Iléṣà, ẹ máa fojú yan oko. Oko kòkó á rí bíi ẹní láti òkè, igi ni gbogbo rẹ̀. Èéfín igbó tí wọ́n ń sun á sọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Bó bá jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ tó ní poro, ẹ bá poro lọ gbọọrọ, ẹ má ṣe dábùú rẹ̀, nítorí táyà iwájú ló máa kọ́kọ́ kán.