Nígbà Tí Mo Ní Kí Àwọn Ọmọ Wá Àwọ̀ Pupa

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí àrùn kòrónà, ọmọ mọ́kànlá ni ó ń wá kọ́ àwòrán yíyà lọ́dọ̀ mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn òbí wọn bẹ̀ mí pé kí n máa kọ́ wọn lórí WhatsApp, mo sì gbà, láìmọ̀ pé ọwọ́ ni mo ti fi ń kọ́ wọn láti ọjọ́ yìí, kì í ṣe ẹnu. Bí ọmọ bá fa ilà tí ó wọ́, n ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, a ó sì jọ fa òmíràn. N kì í sọ ju “báyìí, báyìí” lọ. Lórí fóònù, “báyìí” kò já mọ́ nǹkan kan.

Fídíò ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, ṣùgbọ́n ó ń jẹ dátà, àwọn ìyá sì ń ráhùn (èmi náà ń ráhùn, n kò kàn jẹ́ kí wọ́n gbọ́). Ni mo bá fi fídíò sílẹ̀, tí mo ń gba ohùn mi sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn.

Orí ìtagbè, aṣọ èjìká àwọn Òṣùgbó (Ògbóni Ìjẹ̀bú) tí àwọn ahunṣọ Ìjẹ̀bú ń hun, ni mo ti mú ẹ̀kọ́ kan, nítorí pé ọ̀nì àti ọ̀pọ̀lọ́ wà lára ọnà rẹ̀. Mo ní kí wọ́n ya ọ̀nì bí ẹni tí ó dúró lókè tí ó ń wò ó nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yà sí ẹ̀gbẹ́. Ìsọ̀ tí a ti ń ra àwọ̀ ti tì, nítorí náà mo ní kí kálukú wọ ilé ìdáná lọ: kí wọ́n fi èédú fa ilà, kí wọ́n sì fi ohun tí ó bá pupa kun ẹ̀yìn ọ̀nì.

Nígbà tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, ẹnìkan lo epo pupa, ẹnìkan gún tòmátì, òmíràn po yẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, ọ̀nì tirẹ̀ sì dà bí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹrẹ̀. Ọmọbìnrin kan lo ata ilẹ̀ pupa, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní turmeric, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò lójú mi. Mo ti fẹ́ sọ fún un pé ó ṣì í, nígbà tí ohùn ìyá àgbà rẹ̀ wọlé: “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ata ilẹ̀ pupa kì í ṣe pupa ni?”

Ojú tì mí. Pupa ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n, pupa ni ẹ̀jẹ̀, a sì ń pe ènìyàn ní pupa. Èmi tí mo kọ́ orúkọ àwọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé ìwé ni mo ti gé e kúrú. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ẹ̀kọ́ wa kò ju pé kí kálukú to àwọn pupa ilé rẹ̀ sórí ìwé kan lọ, kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí èyí ṣe yàtọ̀ sí tọ̀hún: pupa fòò, pupa rúsúrúsú, pupa bí epo. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ mi tẹ́lẹ̀ ni wọ́n sọ̀rọ̀ jù.

Ọmọ tí ó lo epo tún fi àwòrán tirẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Epo ti ràn kọjá ilà èédú, ó sì ń lọ sí etí ìwé. Ó ní ọ̀nì náà ti ń lúwẹ̀ẹ́, ṣé kí òun dá a dúró ni? Mo ní kí ó máa fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ó bá dé ní àràárọ̀.