Jitsi ò já ẹnikẹ́ni

Zoom ọ̀fẹ́ la fi ń ṣe mítìn tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ìwà ẹ̀, tó bá ti di ìṣẹ́jú 40 kò fẹ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó máa da gbogbo yín síta ni. Google Meet tiẹ̀ ṣe sùúrù díẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti lé ní méjì, wákàtí kan ló fún yín. Ọ̀gá wa tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láti Jámánì ló ní òun ò lè máa sanwó torí ká ṣáà lè sọ̀rọ̀, ló bá ju línkì Jitsi, tí wọ́n fi ń ṣe mítìn orí íńtánẹ́ẹ̀tì bíi Zoom, sórí WhatsApp, ó ní ká gbé e wò.

Iṣẹ́ wa ni ká gbọ́ ohùn ká tẹ̀ ẹ́, a ò sì ríra sójú rí. Èmi wà n'Ifẹ̀ níbí, ní Lágéré, àǹtí kan wà n'Iléṣà, àbúrò kan wà n'Ìbàdàn, bọ̀ọ̀dá wa tó jẹ́ àgbà gbogbo wa wà l'Ékòó.

Àǹtí ló kọ́kọ́ fura. Ọmọ òṣómàáló ni wọ́n, wọ́n ní ta ló wá ń sanwó ẹ̀ tó fi jẹ́ ọ̀fẹ́? Mo bá lọ wá a wò. Ọmọ Bulgaria kan, Emil Ivov, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2003 nígbà tó ń kàwé ní Strasbourg, láti 2018 ló ti wà lọ́wọ́ 8x8, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, àwọn yẹn ń ta èyí tó lágbára fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá, àmọ́ open source ni Jitsi fúnra ẹ̀, wọ́n fi kóòdù ẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ẹni tó bá ní sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gbé nǹkan kiri orí íńtánẹ́ẹ̀tì, lè gbé e sórí tiẹ̀. Àǹtí ní ó dáa, ìyẹn yé òun.

Wíwọlé ò ní wàhálà, Chrome orí láptọ́ọ̀pù ti tó. Ẹni tó máa ṣí yàrá mítìn nìkan ló máa fi Google, Facebook tàbí GitHub wọlé, 2023 ni wọ́n fi ìyẹn sí i, àwa tó kù kàn ń tẹ línkì ni. Àmọ́ orúkọ tẹ́ ẹ bá sọ yàrá yẹn ló ń di línkì o, ẹ má lọ kọ "mitin" lásán, ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí á kàn wá bá yín jókòó.

Tó bá kan dátà, kámẹ́rà lọ̀tá. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń fi àwòrán yín ránṣẹ́ sí sáfà, sáfà ló ń pín in káàkiri, torí náà bí ojú ṣe ń pọ̀ lórí síkíríìnì ni dátà tó ń wọlé bá yín náà ń pọ̀. Tá a bá ti kí ọ̀gá tán la máa ń pa kámẹ́rà, tí NEPA bá tún mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ ilé kejì gbẹnu, màá pa máìkì náà, ọwọ́ tí mo nà sókè nìkan ni wọ́n á máa rí.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an ni bọ̀ọ̀dá. A ò mọ̀ pé ìṣẹ́jú 40 yẹn ló ń bá wa mú wọn. Láyé Zoom, tó bá ti ku díẹ̀, wọ́n á ní "ẹ jẹ́ n yára kí wọ́n tó já wa," ó parí. Jitsi ò já ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kí ọ̀gá kú òtútù, wọ́n á bèèrè ọmọ lọ́wọ́ àǹtí, wọ́n á bèèrè bóyá ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ti dáa, kí wọ́n tó dórí fáìlì kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ta ló máa sọ fágbà pé ọ̀rọ̀ wọn ti gùn? Kì í ṣèmi.

Àfìgbà tí mo tẹ tóótòótó mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀ yẹn, mo rí Speaker stats. Orúkọ gbogbo wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye ìṣẹ́jú tí kálukú ti sọ̀rọ̀, ti bọ̀ọ̀dá ṣì ń ká lọ bíi míta ilé epo. Mo ya á, mo fi ránṣẹ́ sí àǹtí nìkan, àǹtí bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbàgbé pé máìkì wọn wà ní ṣíṣí. Bọ̀ọ̀dá ní kí ló ń pa yín lẹ́rìn-ín? Ni àǹtí bá júwe ibẹ̀ fún wọn, kò mà sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é.

Gbogbo wa dákẹ́. Bọ̀ọ̀dá wò ó títí, wọ́n ní háà, nǹkan yìí mà gbọ́n o, wọ́n wá pe orúkọ mi. "Ìwọ ará Ifẹ̀, àtìgbà tá a ti jókòó, ìṣẹ́jú kan péré lo fi sọ̀rọ̀? Ṣé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́ ni? Tuesday tó ń bọ̀, ìwọ lo máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, tó o bá ṣe tán, màá wá fi tèmi kún un."