Ẹ bá mi dúpẹ́, ẹsẹ̀ mi ti tẹlẹ̀

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń pè tí mi ò gbé fóònù, ẹ má bínú. Àná ni ó pé ọjọ́ 21 tí ìṣó gún mi lẹ́sẹ̀, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò di ẹnikẹ́ni mú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Lẹ́yìn Ọlọ́run, Ìyá Nọ́ọ̀sì ojúlé kejì ni, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ẹ mọ̀ pé à ń kọ́ ilé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń tú pákó dẹ́kìn, èyí tí wọ́n fi gbé kọnkéré òkè ró, èmi náà lọ fojú sí i, sílípáàsì rọ́bà ni mo wọ̀ lọ. Ìṣó ínǹṣì 3 kan yọrí lára pákó, ó gún bàtà, ó gún àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Nígbà tí mo fà á yọ, ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò tó èyí tí ẹ̀fọn ń fà. Káfíńtà ní ìṣó tuntun ni, kò dípẹtà, kí n sáà kán epo pupa gbígbóná sí i. Mo kán epo, mo tún tú kápúsù pupa òun yẹ́lò dí i lẹ́nu. Ẹ má rín mi o, ẹ̀yin náà ń ṣe é.

Lálẹ́, Ìyá Nọ́ọ̀sì rí i pé mò ń tiro. Ó fọ epo àti kápúsù yẹn kúrò, ó ń da omi sí i, ó ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, títí ìdí fi ń ro mí lórí àpótí. Kò ti nǹkan kan bọ inú ihò náà, kò sì dí i. Ó ní kòkòrò ipá, àìsàn tẹ́tánọ́ọ̀sì tó máa ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ le yẹn, kì í wá ìpẹtà, inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ló ń gbé, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Ihò tóóró tó jìn, tí ẹnu rẹ̀ tètè ń pa dé, ló wù ú. "Ìgbà wo lo gba abẹ́rẹ́ ipá kẹ́yìn?" Mo ronú títí. Inú oyún àbíkẹ́yìn mi ni, ọmọ yẹn sì ti wà ní yunifásítì. Ìyá kàn wò mí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, òun ló mú mi lọ gba abẹ́rẹ́.

Mo rò pé ó tán. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹsẹ̀ wú bí búrẹ́dì tí wọ́n rẹ sómi, ó ń lù kì-kì-kì. Ìgbà náà ni àwọn ọlọ́gbọ́n dé. Wọ́n ní mo tẹ nǹkan, pé àwọn tó ń bá wa du ilẹ̀ ló gbé e dè mí. Ẹnì kan ti mú abẹ dání tí wọ́n fẹ́ fi sín gbẹ́rẹ́ fún mi. Ìyá gbé àga sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó jókòó, ó ní ẹni tó bá fẹ́ sín gbẹ́rẹ́ kó kọ́kọ́ sín tirẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ ipá, ipá nìkan ló ń dènà, kò kan ọyún. Ó mú bírò, ó fa ìlà yí ibi tó pọ́n ká.

Aago mẹ́rin ìdájí, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù. Ìlà bírò wà níbi tó wà. Pípọ́n náà ti kọjá rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti ń gba ọrùn ẹsẹ̀ gòkè. Òtútù mú mi, eyín mi ń lu ara wọn. Ìyá kò dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Dókítà là á, ó fọ inú rẹ̀, ó fi ẹ̀mú fa nǹkan kan jáde: rọ́bà sílípáàsì mi, búlúù, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ìṣó ló tì í wọlé. Nǹkan kékeré yẹn ló gbé mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ìyá ní ipá sábà máa ń yọjú láàrin ọjọ́ 3 sí 21. Láràárọ̀ ni mò ń yanu gbàgà níwájú dígí, bóyá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ti le. Ọkọ mi ní n kò dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ní "ìṣó lásán", mo kí yín o. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ẹ má dúró dọjọ́ kẹrin bíi tèmi, ẹsẹ̀ yín lè má dùn yín rárá. Bí nǹkan tó dọ̀tí bá gún yín, tí abẹ́rẹ́ yín sì ti lé ní ọdún 5, ẹ lọ gba òmíràn.

Mo gbé léèsì lọ fún Ìyá. Ó dá a padà, ó ní kí n fi owó rẹ̀ ra bàtà onídìí líle fún èmi àti àwọn òṣìṣẹ́. Mo ra mẹ́fà. Káfíńtà ní tòun há.