Ẹ Kọ Aago Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó La Ẹnu: Ọ̀rọ̀ Mi fún Ẹ̀yin Lọ́yà Tuntun ní Ìkòròdú

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gbà fúnra mi, ti ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì kan ní Ṣábó ni. Ọmọ ọdún 19. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ọlọ́pàá ń wá nítorí jẹnẹrétọ̀ kan tó sọnù. Wọn ò bá ẹ̀gbọ́n nílé, wọ́n bá àbúrò níbi tó ti ń jẹun, ni wọ́n bá gbé e. Ọjọ́rú nìyẹn. Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo sì gbéra lójú ẹsẹ̀. Mo dé kántà, mo gbóhùn sókè, mo ka Abala 35 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999, èyí tó dáàbò bo òmìnira ènìyàn, sí wọn létí, mo tún fi òfin Èkó lórí ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tì í lẹ́yìn, èyí tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ènìyàn dípò ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tí mo sọ ló tọ̀nà. Ọmọ náà tún sun oru mẹ́rin sí i nínú sẹ́ẹ̀lì.

Nígbà tí mo wá rí ọ̀gá wọn ní ọjọ́ Ajé, ó ṣí ìwé fún mi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n mú un. Mo ti rí ọmọ náà lẹ́yìn irin ní Ọjọ́bọ̀, mo ti bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n n kò ní ìwé kankan, bó ti wù kó kéré mọ, tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ní ó di ọjọ́ mẹ́fà, ìwé ní àná ni. Ìwé ló borí. Wọ́n tú u sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn láìsí ẹ̀sùn. Abala 35 yẹn kan náà ní ẹni tí wọ́n bá tì mọ́lé lọ́nà àìtọ́ yóò gba owó gbà-má-bínú, wọn yóò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba. N kò lè gba ọ̀kankan fún un. Ọwọ́ àwọn tó mú un ni gbogbo ẹ̀rí wà.

Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba wíìgì mú lọ kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹ tó la ẹnu ní teṣan, ẹ kọ aago sílẹ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Kí n tó wọ géètì, mo ti bi àwọn ẹbí léèrè: aago mélòó ni wọ́n mú un, níbo, ta ló wà níbẹ̀, ọkọ̀ wo ni wọ́n fi gbé e? Mo ń tẹ èsì wọn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí ọ̀gá mi tàbí sí ẹnìkejì mi ní ọ́fíìsì, nítorí aago tí fóònù bá lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ṣòro láti jiyàn lé lórí. Tí mo bá dé kántà, mo kọ aago tí mo dé, mo kọ orúkọ tó wà láyà ọlọ́pàá tí mo bá níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa kí wọn dáadáa: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi." Àwọn àgbà ní ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Mo béèrè ẹni tó ń wádìí ẹjọ́, mo ní mo fẹ́ rí ẹni mi. Bí wọ́n bá gbà, mo kọ ọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, mo kọ ìyẹn náà, pẹ̀lú aago. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ ń kọ̀wé, kó má jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà pé bíírò tó ń rìn lórí ìwé yẹn ń ṣe ohun tí igbe mi kò ṣe.

Ìdí tí aago fi ṣe pàtàkì wà nínú Abala 35 yẹn fúnra rẹ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn tó o létí, ní kíkọ sílẹ̀, ní èdè tó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ tó láṣẹ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Níbòmíràn, ọjọ́ méjì, tàbí iye tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ó bójú mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka ọjọ́ méjì fún yín ní Ìkòròdú níbí. A ní ilé ẹjọ́ Májísírétì tiwa. Láti Òdógunyàn, láti Ìgbógbó, àní láti Ìmọ́ta pàápàá, kò sí èyí tó tó kìlómítà 40.

Ẹ̀sùn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú ni òfin yọ sílẹ̀ nínú kíka ọjọ́ yìí. Ẹ rántí ìyẹn nígbà tí ẹ bá rí i tí fóònù tí wọ́n fà já ní Gáréèjì lọ́sàn-án di ìdigunjalè nínú ìwé nígbà tó di alẹ́. Ẹ bi wọ́n pé ohun ìjà dà.

Ẹ sì ṣọ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fìyà jẹ ènìyàn láìsí ẹjọ́ mọ̀ pé bí wọ́n bá mú un ní aago 3 ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, adájọ́ kò ní jókòó títí di Ajé.

Lórí sítétímẹ́ǹtì, mi ò ní pẹ́ púpọ̀. Ọmọ tó gbọ́ Yorùbá nìkan ń sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́, ọmọ tẹ àtàǹpàkò sí i. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n kà ní kóòtù ṣe àjèjì sí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ó ní òun jẹ̀bi, òfin Èkó ti ọdún 2011 ní kí wọ́n gbà á sórí fídíò, tàbí, bí kò bá sí ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ ọ́ níṣojú lọ́yà tó yàn fúnra rẹ̀. Ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi rí yín.

Gbèsè ló pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá bá mi. Owó èésú, owó ilé, owó ọjà. Obìnrin ẹlẹ́ja kan ní Ẹ̀búté sun oru méjì lórí sìmẹ́ǹtì nítorí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó yá. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ ọ́ kedere pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n jẹ lówó náà kì í ṣe ìkà, owó rẹ̀ ló ń wá. Mo máa ń darí àwọn méjèèjì sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹni tó bá gbé Ìkòròdú ní ọdún 2016 àti 2017 kò nílò kí n ṣàlàyé ẹgbẹ́ apànìyàn Badoo fún òun. Wọ́n ń wọlé onílé lóru, wọ́n ń fi òkúta fọ́ orí bàbá, ìyá àti ọmọ lójú oorun. Oorun kúrò lójú ìlú. Àwọn ọkùnrin àdúgbò ń ṣọ́de títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọlọ́pàá kó ènìyàn rẹpẹtẹ, ìgboro náà sì gbé táyà àti bẹntiróòlù jáde. Ní oṣù Keje ọdún 2017, wọ́n pa apanilẹ́rìn-ín kan àti àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọn kì í ṣe Badoo.

Nínú oṣù kan náà ni wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin kan tí orí rẹ̀ kò pé, níbi tó ti ń rìn lóru ní ọ̀nà Ìsawo, òkúta kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀ mí kí n lọ. Ìyá onílé mi, tó ti fẹ́ràn mi bí ọmọ, bi mí ta ló ń sanwó fún mi. Ẹ̀rù bà mí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má lọ. Nígbà tí mo dé teṣan, èrò ti kún iwájú géètì, wọ́n ní kí wọ́n gbé e jáde fún àwọn. Sájẹ́ǹtì kan dúró níbẹ̀, ìbọn ní ọrùn rẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ọmọ yẹn kó kọ́kọ́ pa òun. Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi túká. Mo kọ ọ́: aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 40, alẹ́. Ìwé kan náà tí mo ń kọ àìdáa wọn sí ni mo kọ ọ́ sí, orúkọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ máa kọ irú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, káàdì ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ̀ kó wá ló mú un jáde.

Béèlì ọ̀fẹ́ ni; wọ́n kọ ọ́ sára ògiri teṣan. Ẹ má bá wọn dúnàádúrà, ẹ má sì gba nínú rẹ̀. Lọ́yà wà tó ń jókòó sí kántà láti àárọ̀ tó ń pín owó pẹ̀lú àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá aláta ló ń san án. Bí wọ́n bá tún sọ fún yín pé obìnrin kò lè ṣe onídùúró, irọ́ ni. Òfin Èkó kò gbà kí wọ́n kọ ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Ẹni tí kò ní owó lọ́yà rárá, ẹ mú un lọ sí OPD (Office of the Public Defender) ti ìjọba Èkó tàbí Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ń gbèjà aláìní.

Ní ọdún 2020, lẹ́yìn tí wọ́n tú SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè, ká ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá, ìjọba Èkó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ Adájọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Doris Okuwobi, láti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ènìyàn. Ìdílé méjì wá bá mi kí n bá wọn kọ ìwé. Ìdílé kan ní ọjọ́, ní orúkọ teṣan, ní nọ́ńbà ọkọ̀. Èkejì ní omijé. Mo jókòó pẹ̀lú bàbá wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, a ń gbìyànjú láti rántí bóyá ṣáájú Iléyá ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Tí ẹjọ́ bá sì kọjá agbára Májísírétì, tí wọ́n dá ènìyàn padà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n títí ìmọ̀ràn yóò fi wá láti ọ́fíìsì DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pinnu bóyá kí wọ́n pe ẹjọ́, iṣẹ́ yín kò parí. Nínú ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta lórílẹ̀-èdè yìí, bíi méjì ni kò tíì gba ìdájọ́. Ẹ tẹ̀lé fáìlì lọ sí ọ́fíìsì náà ní Aláúsá, ẹ kọ ọjọ́ tó débẹ̀ àti ẹni tó gbà á. Mo mọ ìyá kan ní Ìjẹ̀dẹ̀ tó ń jí ní aago 4 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tó ń wọ ọkọ̀ wá sí Gáréèjì, láti ibẹ̀ dé Máìlì 12, dé Oṣòdì, dé Máìlì 2, kó tó dé Kìríkìrì láti fún ọmọ rẹ̀ ní gàrí àti ọṣẹ. Ó ṣe é fún ọdún kan àti oṣù mẹ́rin. Fáìlì ọmọ náà kò tíì kúrò ní teṣan ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ìwé tí mo ń kọ sí báyìí ni ìkọkànlá. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí mo ṣe ń tò ó, kó wá bá mi ní ọ́fíìsì, inú mi yóò dùn. Ẹ kàn má wá ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn aago 2. Teṣan ni mo máa ń wà.