Dídín Epo Tí Jíìpù Àtijọ́ Ń Mu Lójú Ọ̀nà Márosẹ̀ Kù

Mo fẹ́ràn jíìpù àtijọ́ mi dọ́kàn, ṣùgbọ́n epo tó ń mu lójú ọ̀nà márosẹ̀ kì í ṣe kékeré. Atẹ́gùn ni olórí ohun tó ń fà á, nítorí pé ọkọ̀ náà ga, ó fẹ̀, iwájú rẹ̀ sì dúró ṣánṣán bí ògiri. Ẹni tó kúrò lórí 90 kìlómítà ní wákàtí kan, tó bọ́ sórí 120, ti fi ìdámẹ́ta kún eré rẹ̀, ṣùgbọ́n agbára tí atẹ́gùn fi ń tì í sẹ́yìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Lójú tèmi, kò sí àtúnṣe tó tó kí a dín eré kù. Ẹ tún tú irin ìkẹ́rù orí ọkọ̀ kúrò bí kò bá sí ẹrù lórí rẹ̀.

Táyà ẹrẹ̀ wúwo, ó sì ń fa epo. Táyà ojú títì tí a fún ní atẹ́gùn tó péye nígbà tó tutù sàn jù.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í yẹ̀ wò ni thermostat, ìyẹn ohun kékeré tó ń ṣí ọ̀nà omi tó ń ti ẹ́ńjìnì lọ sí rédíétọ̀, tó sì ń pa á dé. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ tí kò padé mọ́, ẹ́ńjìnì kò ní gbóná tó, ọkọ̀ yóò sì máa da epo sí i bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan án láàárọ̀ ni. Bí ọkọ̀ bá tutù, ẹ tan án, kí ẹ fọwọ́ kan rọ́bà òkè rédíétọ̀: ó yẹ kí ó tutù fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó gbóná lójijì. Bí ó bá ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ pààrọ̀ thermostat náà.